Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ayàwòrán ilé ń wò tí wọ́n bá ní kó ya ibi tí onírúurú ẹ̀yà á jọ máa lò

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú, mo sì mọ ìdí ẹ̀. Tí wọ́n bá gbọ́ pé wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ayàwòrán ilé ya gbàgede kan tàbí páàkì kan ní àdúgbò táwọn èèyàn láti oríṣìíríṣìí orílẹ̀-èdè ń gbé, ohun tó kọ́kọ́ máa ń sọ sí wọn lọ́kàn ni àsíá. Wọ́n á ní kó ri àsíá Nàìjíríà mọ́ ibí, kó ri ti Tọ́kì mọ́ ọ̀hún, kó kun àdìrẹ sára ògiri, kó gbé ère kan sáàárín, ó parí. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ gan-an, bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Olùkọ́ á wá wo àwòrán yẹn, á bi ẹ́ pé, ó dáa, ta ló máa jókòó síbí yìí ní aago mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ Túsìdeè, kí ló wá ṣe níbẹ̀, ta ló sì máa bá pàdé? Ìbéèrè yẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà dá lé. Iṣẹ́ tí mò ń kọ́ ni, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ẹ̀ bó ṣe yé mi.

Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀ ni pé kí ẹ̀yà púpọ̀ wà nílùú kan ò ní kí wọ́n jọ máa ṣe nǹkan pọ̀. Ẹ wo Sábo n'Ìbàdàn. Láti 1916 ni wọ́n ti ya ibẹ̀ sọ́tọ̀ fáwọn Hausa tó ń ṣòwò obì àti màlúù, wọ́n ní olórí tiwọn, wọ́n ní mọ́ṣáláṣí tiwọn, wọ́n ti bímọ, wọ́n ti bí ọmọ ọmọ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé Ìbàdàn ò gba àlejò. Àmọ́ ìgbà wo gan-an lọmọ Ìbàdàn àti ọmọ Sábo máa ń bára wọn sọ̀rọ̀ dáadáa? Ìgbà tẹ́nìkan bá fẹ́ ra àgbò iléyá ni, tàbí tó fẹ́ ṣẹ́ dọ́là. Ọ̀rọ̀ ajé mú wọn pàdé, wọ́n nájà, wọ́n fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀ díẹ̀, kálukú sì bá tiẹ̀ lọ. Ó dà bí ìnáwó ńlá tí ẹbí kọ̀ọ̀kan jókòó sídìí tábìlì tiẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ẹbí tiẹ̀, inú gbọ̀ngàn kan náà ni gbogbo wọn wà, ìrẹsì kan náà ni wọ́n ń jẹ, ṣùgbọ́n ẹ ò lè mọ ẹni tó wà ní tábìlì kejì àfìgbà tí onílù bá gbé gbogbo yín dójú agbo. Iṣẹ́ tiwa ni láti wá ibi tí ojú agbo yẹn lè wà láàárín ìlú, fáwọn tí kò mọra wọn rárá.

Kì í ṣe àwa ayàwòrán ilé nìkan lọ̀rọ̀ náà ká lára o. Ní 2008, àjọ Council of Europe bẹ̀rẹ̀ ètò kan fáwọn ìlú tó fẹ́ kí àwọn ará ìlú tó wá láti ibi púpọ̀ máa bára wọn da nǹkan pọ̀ dípò kí kálukú kàn máa gbé igun tiẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní 2002, lẹ́yìn rògbòdìyàn láàárín ẹ̀yà tó ṣẹlẹ̀ ní Bradford, Oldham àti Burnley nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2001, ọ̀jọ̀gbọ́n Ash Amin ti kọ ọ́ pé ká má kàn rò pé táa bá la gbàgede fẹ̀, àwọn èèyàn á ṣàdédé di ọ̀rẹ́ níbẹ̀. Èèyàn lè máa gba gbàgede kan kọjá fún ogún ọdún kó má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ibi tó ní àwọn èèyàn ti ń yí padà síra wọn ni ibi tí iṣẹ́ kan pa wọ́n pọ̀, bíi ilé ìwé, kíláàbù eré ìdárayá, ọgbà tí wọ́n jọ ń gbin nǹkan sí. Lójú tèmi, iṣẹ́ yìí ti yé ẹni tó bá di ọ̀rọ̀ yìí nìkan mú ju ẹni tó ya àsíá ọgọ́rùn-ún lọ.

Ó wá ku ibi tí gbogbo wa máa ń lọ kọ́ ẹ̀kọ́, ìyẹn Superkilen ní Copenhagen, lórílẹ̀-èdè Dẹ́ńmákì. Àdúgbò Nørrebro ló wà, ọ̀kan lára àwọn àdúgbò tí onírúurú ẹ̀yà pọ̀ sí jù nílùú yẹn, ilẹ̀ gbọọrọ kan ni, gígùn ẹ̀ tó bíi 750 mítà, rélùwéè ló ń lò ó tẹ́lẹ̀. Wọ́n ṣí i ní 2012. Ilé iṣẹ́ ayàwòrán ilé Bjarke Ingels Group, àwọn ayàwòrán ọgbà Topotek 1 láti Berlin, àtàwọn oníṣẹ́ ọnà Superflex ló jọ ṣe é, ó sì gba ẹ̀bùn Aga Khan fún iṣẹ́ ilé yíyà ní 2016. Wọ́n pín in sọ́nà mẹ́ta, apá kan pupa yòò, apá kejì dúdú tí wọ́n fa ìlà funfun sí nílẹ̀, apá kẹta tutù yọ̀yọ̀ pẹ̀lú òkè kéékèèké. Ohun tó sọ ọ́ di olókìkí ni pé wọn ò ra bẹ́ǹṣì àti iná kan náà láti ilé iṣẹ́ kan bí àwọn kánsù ṣe máa ń ṣe. Wọ́n ní kí àwọn ará àdúgbò fúnra wọn sọ nǹkan tí wọ́n fẹ́ láti orílẹ̀-èdè tiwọn tàbí ibi tí wọ́n ti rí i, ohun tó lé ní 100 sì wà níbẹ̀ láti orílẹ̀-èdè tó lé ní 50. Jangirọ́fà wá láti Ìráàkì, bẹ́ǹṣì wá láti Brazil, orísun omi oníràwọ̀ wá láti Mòrókò, ẹja dúdú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ táwọn ọmọdé ń gùn tí wọ́n ń yọ̀ wálẹ̀ wá láti Jàpáànì, àmì iná dókítà eyín wá láti Qatar. Àwọn kan nínú àwọn ará àdúgbò tiẹ̀ bá àwọn oníṣẹ́ ọnà yẹn rìnrìn àjò, àwọn ọ̀dọ́bìnrin méjì lọ bu iyẹ̀pẹ̀ Palẹsítínì wá, àwọn míì lọ sí Jàmáíkà nítorí ẹ̀rọ orin ńláńlá tí wọ́n fi ń ṣàríyá lójú títì níbẹ̀, àwọn míì lọ sí Táílàǹdì nítorí ibi ìjà ẹ̀ṣẹ́. Nídìí nǹkan kọ̀ọ̀kan, wọ́n ri àwo irin pẹlẹbẹ kan mọ́lẹ̀ tó sọ ohun tó jẹ́ àti ibi tó ti wá, ní èdè Dẹ́ńmákì àti ní èdè ibi tó ti wá.

Ẹ̀yin náà á sọ pé ṣebí àsíá tí mo ní kì í ṣe nǹkan nìyí, wọ́n kàn sọ ọ́ di irin ni. Ibi tó ti ń dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ lójú nìyẹn. Àwọn tó ń bu ẹnu àtẹ́ lu Superkilen sọ bẹ́ẹ̀ gan-an, pé nǹkan àwọn èèyàn ni wọ́n kó wá ṣe àfihàn, pé ibi téèyàn ń ya fọ́tò ni, ọ̀rọ̀ wọn sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àmì iná dókítà eyín yẹn, téèyàn bá ti wò ó tán, ó ti tán náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n jangirọ́fà yàtọ̀. Ọmọ ẹni tó wá láti Sòmálíà àti ọmọ ará Dẹ́ńmákì á jọ tò sídìí ẹ̀, ọ̀kan á ní òun ló kàn, èkejì á ní rárá, àwọn òbí méjèèjì á dìde láti pẹ̀tù sí i, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ á ti bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bi jangirọ́fà yẹn pé orílẹ̀-èdè wo lo ti wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ibi ìjà ẹ̀ṣẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó gba inú páàkì náà kọjá, èyí tó mú kí àwọn tí kò ní nǹkankan ṣe ládùúgbò yẹn máa gbabẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Nítorí náà, tí mo bá ń wo iṣẹ́ yẹn, mo máa ń pín àwọn nǹkan inú ẹ̀ sí èyí tí wọ́n ń wò àti èyí tí wọ́n ń lò, tí mo bá fẹ́ kọ́ nǹkan lára ẹ̀, èyí tí wọ́n ń lò ni mo ń mú.

Ẹ wá fi wé Tempelhof ní Berlin, lórílẹ̀-èdè Jámánì. Pápákọ̀ òfuurufú ni tẹ́lẹ̀, wọ́n tì í ní 2008, wọ́n ṣí i fún gbogbo ìlú ní 2010, ó lé ní 300 hẹ́kítà, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tí ayàwòrán kankan yà síbẹ̀. Ọ̀nà tí ọkọ̀ òfuurufú ń gbà balẹ̀ ṣì wà gbọọrọ bó ṣe wà, àwọn èèyàn ń gun kẹ̀kẹ́ lórí ẹ̀. Ìjọba wá ya àyè sọ́tọ̀ fún ẹran yíyan, àwọn ará Tọ́kì àti Lárúbáwá tó ń gbé ní Neukölln lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ á gbé èédú wá, àwọn ará Jámánì á gbé tiwọn náà wá, èéfín ò ní ẹ̀yà, ẹni tí kò ní iyọ̀ á lọ tọrọ lọ́wọ́ ẹni tó wà níwájú. Lápá kan, àwọn ará àdúgbò fi àpótí pákó gbin ewébẹ̀. Nígbà tí ìjọba ìlú wá fẹ́ kọ́lé sí etí ẹ̀, àwọn ará ìlú dìbò ní oṣù Karùn-ún 2014, wọ́n ní rárá. Superkilen fi nǹkan ọgọ́rùn-ún sọ fún yín pé àyè yín wà níbí, Tempelhof ò sọ nǹkankan, ó kàn fún yín láyè kẹ́ ẹ ṣe ohun tẹ́ ẹ ti ń ṣe nílé yín, kẹ́ ẹ ṣe é lójú ara yín. Mo fẹ́ràn èkejì jù, mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àdúgbò tí ilẹ̀ ẹ̀ há ò lè ṣe irú ẹ̀.

Nígbà tá a bá wá dé ìdí iṣẹ́ gan-an, ohun àkọ́kọ́ kì í ṣe pẹ́ńsùlù rárá. Wíwò ni. Ẹni tá a kọ́ èyí lára ẹ̀ jù ni William Whyte, ará Amẹ́ríkà kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kámẹ́rà kọ́ sókè àwọn gbàgede New York láti 1970, tó ń ka ẹni tó jókòó, ẹni tó dúró, ibi tí oòrùn dé. Nígbà tó wo gbogbo ẹ̀ tán, ohun tó rí rọrùn débi pé ó yani lẹ́nu, pé ibi tí ibi ìjókòó bá wà ni àwọn èèyàn ń jókòó sí. Ó tún rí i pé téèyàn bá rí àga tó ṣeé gbé, á sún un díẹ̀ kó tó jókòó, kódà tó bá jẹ́ ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀ náà ló sún un sí. Ó ń fi ìyẹn sọ pé òun ló yan ibi tí òun jókòó. Ẹ ronú sí ohun tí ìyẹn jẹ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orílẹ̀-èdè kan, tí gbogbo nǹkan míì, ilé, iṣẹ́, ìwé ìgbélùú, ẹlòmíì ló ń bá a yan gbogbo ẹ̀.

Nítorí ẹ̀, a máa ń gbé pílánù ibẹ̀ dání, a ó lọ láàárọ̀, a ó lọ lọ́sàn-án, a ó lọ nírọ̀lẹ́, a ó fi àmì aláwọ̀ sí ibi tí kálukú wà. Ẹ ó rí i pé àwọn àgbà ọkùnrin ló ni ibẹ̀ láàárọ̀, àwọn ọmọ ilé ìwé ló ni ín ní aago mẹ́rin, àwọn ọ̀dọ́ ló ni ín lálẹ́. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yà márùn-ún máa lo bẹ́ǹṣì kan náà kí wọ́n má fojú kanra wọn rí torí aago ò pa wọ́n pọ̀. Ohun tó tún ṣe pàtàkì ju ẹni tó wà níbẹ̀ lọ ni ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ní Vienna, olú ìlú Austria, láàárín ọdún 1990 sí 1999, àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba ìlú rí i pé àwọn ọmọbìnrin ń pòórá ní páàkì tí wọ́n bá ti tó bíi ọmọ ọdún mẹ́wàá. Kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ ṣeré, ibi bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi wáyà yí ká ló ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo, táwọn ọmọkùnrin bá ti dúró sẹ́nu ẹ̀, ó parí. Wọ́n tún àwọn páàkì kan ṣe, wọ́n pín àyè náà sí wẹ́wẹ́, wọ́n ṣe ẹnu ọ̀nà púpọ̀ sí i, àwọn ọmọbìnrin padà wá. Ẹnu ọ̀nà lásán! Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ẹ̀yà, ibi tó bá ní ẹnu ọ̀nà kan, ẹgbẹ́ kan ló máa gbà á.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ìjókòó kan péré, kẹ́ ẹ lè rí bí ọ̀rọ̀ kékeré ṣe ń di ńlá. Bẹ́ǹṣì tó tọ́ gbọọrọ tó kọjú sí títì, tí wọ́n fi irin dábùú àárín ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má lè sùn sórí ẹ̀, èèyàn mẹ́ta á jókòó síbẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á máa wo mọ́tò. Tẹ́ ẹ bá mú bẹ́ǹṣì méjì kẹ́ ẹ fi wọ́n ṣe igun, orúnkún àwọn èèyàn á súnmọ́ra díẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á rí ojú ẹnìkejì, ẹni tí kò bá fẹ́, kò ní ṣòro fún un láti wo ibòmíì. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ògiri kúkúrú, gíga ẹ̀ bíi 45 sẹ̀ǹtímítà, fífẹ̀ ẹ̀ bíi 75 ó kéré tán, tí èèyàn lè jókòó sí lọ́tùn-ún àti lósì kí wọ́n sì kẹ̀yìn síra wọn. Ní ọ̀pọ̀ ilé, obìnrin kì í fẹ́ kọjú sí ọkùnrin tí kò mọ̀ rí, àwọn àgbàlagbà kan ò sì fẹ́ kí ọmọdé máa wo àwọn lójú, ògiri yẹn gbà wọ́n láyè kí wọ́n wà nítòsí ara wọn láì rí ara wọn fín. Àwọn kan rò pé iṣẹ́ wa ni láti fipá mú àwọn èèyàn sọ̀rọ̀. Rárá o, tẹ́ ẹ bá ti fipá mú wọn, wọn ò ní wá mọ́. Ká jẹ́ kó rọrùn láti súnmọ́ra, ká sì jẹ́ kó rọrùn láti dìde lọ.

Ọ̀rọ̀ ìbéèrè náà tún wà. Tẹ́ ẹ bá bi ìyá kan pé kí lẹ fẹ́ ká ṣe síbí, á ní òdòdó, torí ó rò pé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Ẹ bi í pé níbo lẹ gbà lọ sọ́jà lánàá, kí lẹ gbé dání, níbo lẹ ti sinmi, ẹ ó rí iṣẹ́ gidi nínú ìdáhùn yẹn. Kẹ́ ẹ sì fi èdè tó gbọ́ bi í, tàbí kẹ́ ẹ mú ọmọ ẹ̀ dání.

Àwọn tó bá ń gbé ní London nínú yín á mọ Rye Lane ní Peckham. Suzanne Hall, olùwádìí ní LSE, yunifásítì kan ní London, ka ṣọ́ọ̀bù 199 lójú títì yẹn, ó rí i pé àwọn tó ni wọ́n wá láti orílẹ̀-èdè tó lé ní 20, ó sì rí i pé ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti gé sí wẹ́wẹ́ nínú, ẹnìkan ń ta fóònù níwájú, ẹnìkan ń fi owó ránṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹnìkan ń ṣe irun lẹ́yìn, kálukú ń san owó àyè tiẹ̀. Kò sí ayàwòrán ilé kankan tó ya ìyẹn. Ará Afganísítáànì tó ń ta ẹran mọ ohun tí ṣàkì jẹ́ torí ìyá Yorùbá tó ń rà á lọ́wọ́ ẹ̀ ò ní mú un ní orúkọ míì. Iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n pàtẹ jáde síta gba ìdajì ẹ̀gbẹ́ títì, àwọn èèyàn á dúró, wọ́n á máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò, ẹnìkan tí wọn ò mọ̀ rí á sọ fún wọn pé èyí ò dáa, ẹ mú tọ̀hún. Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá dé ibẹ̀ pẹ̀lú pílánù mímọ́ tónítóní, tó tẹ́ òkúta tuntun, tó sì kó àtẹ yẹn kúrò kí ẹ̀gbẹ́ títì lè fẹ̀, ó ti ba ohun tó ń wá jẹ́. Àtẹ yẹn ló yẹ kó kọ́kọ́ yà sórí bébà kó tó ya nǹkan míì. Lókè ibẹ̀ díẹ̀ ni láíbìrì Peckham wà, èyí tí Will Alsop yà tó gba ẹ̀bùn Stirling fún iṣẹ́ ilé yíyà ní 2000. Wọ́n ní kí apá òkè ẹ̀ yọ síta bí òrùlé lórí gbàgede. Fún ìlú tí òjò ń rọ̀ bíi London, ibòji lórí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní béèrè owó ẹ̀ lọ́wọ́ yín, nǹkan ńlá ni.

Apá kan wà tí pẹ́ńsùlù wa ò dé, mi ò lè má sọ ọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Superkilen ni Mjølnerparken wà, àwọn ilé tí ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n tìtorí wọn kó àwọn nǹkan yẹn wá ń gbé. Ní 2018, ìjọba Dẹ́ńmákì ṣe òfin pé ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, tí àwọn tí ìjọba pè ní ẹni tí kò wá láti ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ayé bá pọ̀ jù lójú wọn tí nǹkan ò sì dáa tó, ilé tí àwọn ẹgbẹ́ tó ń bójú tó ilé gbígbé ń fi rẹ́ǹtì pọ́ọ́kú háyà fún ìdílé gbọ́dọ̀ dínkù sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tó bá fi máa di 2030. Wọ́n ní kí wọ́n ta lára ilé Mjølnerparken, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Ẹ wò ó, wọ́n fi orísun omi Mòrókò dá yín lọ́lá níta, wọ́n ń lé yín nínú ilé. Ó dùn mí gan-an nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ó sì yí bí mo ṣe ń wo iṣẹ́ yìí padà, torí gbàgede ò lè dá dúró láìsí àwọn tó ń gbé létí ẹ̀. Ní báyìí, tí mo bá ń ya ilẹ̀ kan, mo máa ń ya àwọn ilé tó yí i ká pẹ̀lú, mo ń kọ ẹni tó ni wọ́n àti iye tí rẹ́ǹtì wọn jẹ́ sí i lára.

Nítorí náà, tí kánsù yín bá pè yín sí ìpàdé lórí páàkì tuntun, tí wọ́n gbé àwòrán tó dán gbinrin síwájú yín tí àwọn èèyàn aláwọ̀ oríṣìíríṣìí ń rẹ́rìn-ín nínú ẹ̀, ẹ má jókòó kẹ́ ẹ máa wò. Ẹ bi wọ́n níbo ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, ta ló máa ń fọ̀ ọ́, aago mélòó ni wọ́n ń tì í. Ẹ bi wọ́n bóyá èèyàn lè jókòó níbẹ̀ fún wákàtí méjì láì ra kọfí. Ẹ bi wọ́n iye ẹnu ọ̀nà tó ní. Ẹ bi wọ́n bóyá àwọn tó ń tajà níbẹ̀ báyìí ṣì máa wà níbẹ̀ tí wọ́n bá parí iṣẹ́, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n kọ ìdáhùn ẹ̀ sílẹ̀ fún yín.